Ẹyin Aláwọ̀ Òkun

Òjò ti ń rọ̀ ní erékùṣù Quinchao láti ọjọ́ Àìkú,
ó ń rọ̀ bí ẹni tó jẹ ilẹ̀ ní gbèsè, tó fẹ́ san án tán lẹ́ẹ̀kan náà.
Aago márùn-ún ìdájí, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà.
Lórí tábìlì, ní ojú ewé kẹtàdínlógójì,
ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo fi í sí lálẹ́ àná;
n kò tíì mọ̀ bóyá kó wọlé ni, bóyá kó padà.
Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀.
Ebi adìẹ kì í dúró.

Mọ́kàndínlógún ni wọ́n.
Mo kà wọ́n, ó ku ẹyọ kan.
Mo tún wọn kà pẹ̀lú fìtílà, ó ṣì ku ẹyọ kan:
àgbébọ̀ dúdú tí kò nírù,
èyí tí mo ń pè ní Olóòtú,
torí kò sí ohun tí mo tò jọ tí kì í tú.
Nígbà kan ó wọlé, ó fẹsẹ̀ tú orí kejì ìwé mi ká ilẹ̀,
bí mo sì ṣe ń ṣà á jọ ni mo rí i
pé orí náà kò wúlò lóòótọ́.

"Àṣá ni," Bàbá Eliseo Barría wí láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà.
"Mo rí i lánàá lórí igi lúmà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa."
Mo ní bóyá ó sá pamọ́ ni.
Ó wò mí bí wọ́n ti ń wo ẹni tó ń fi ìtàn jẹun.

Ọkọ̀ ojú omi kò mọ̀ pé adìẹ mi sọ nù.
Ó gbé mi kọjá sí Dalcahue, bọ́ọ̀sì gbé mi dé Castro,
àpò méjì lọ́wọ́ mi: ìwé nínú ọ̀kan, ẹyin nínú èkejì,
ẹyin tí mo fi àwọn ojú ewé tí mo ti dànù wé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní yàrá ìkàwé,
mẹ́rin nínú wọn, òjò ló lé wọn wọlé.
Ọ̀gbẹ́ni Leandro Ojeda so táì mọ́rùn,
ó pè mí ní "ohùn gbogbo erékùṣù wa."
Mo ká ìka mi sábẹ́ tábìlì,
ìgbẹ́ adìẹ ṣì wà lábẹ́ èékánná.
Mo ka orí kẹta. Ohùn mi gbọ̀n níbi tí kò sí ìbànújẹ́ kankan,
ó gbẹ níbi tí ọmọ ti kú sínú omi.
"Ìbéèrè?"
Ẹnìkan wúkọ́.
Ìyá arúgbó kan, Hortensia Millalonco, fi òwú tó ń hun sílẹ̀:
"Ṣé òótọ́ ni pé ẹyin adìẹ rẹ ní àwọ̀ búlúù?"

Mo tú wọn.
Bí òkun ṣe ń rí kí oòrùn tó pinnu láti yọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí.
Ènìyàn mọ́kànlá dìde lórí ìjókòó,
ohun tí orí kẹta kò lè mú wọn ṣe.
Mo ta ìwé méjì, mo ta ẹyin méjìlá.
Ìyá Hortensia kò tíì lọ. Ó na bébà tó bo ẹyin rẹ̀,
ó gbé e súnmọ́ ojú, ètè rẹ̀ ń mì.
"Èyí," ó ní, "kí ló dé tí o fi dà á nù?
Ó sàn ju èyí tí o kà fún wa lọ."
Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi. Ó kọ̀.
Ó ní òun sanwó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé.
Mo wo abẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó tó dojú dé ní etí òkun,
mo pe "Olóòtú, Olóòtú,"
títí ajá Eliseo fi dá mi lóhùn.
Àwọn méjìdínlógún wà lórí ọ̀pá, wọ́n ti sùn, wọn kò ṣọ̀fọ̀.

Mo kó igi sínú sítóòfù, mo jókòó ti ojú ewé kẹtàdínlógójì.
Mo jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé.
Omi ń kán lára rẹ̀ sí ilẹ̀ ilé mi.
Kò kí mi.
Ó ṣí ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó sọ adìẹ dúdú kan kalẹ̀,
èyí tí kò nírù,
adìẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tú gbólóhùn àkọ́kọ́.